Project Gutenberg

Project Gutenberg jẹ́ àkójọpọ̀ ìwé orí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè kà tàbí gbà sórí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láìforúkọ sílẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Michael S. Hart (8 oṣù Ẹrẹ̀nà 1947 – 6 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2011), ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1971, a sì máa ń kà á sí ilé-ìkàwé orí kọ̀ǹpútà tó pẹ́ jù lọ lágbàáyé. Ìwé tó wà nínú rẹ̀ lé ní 70,000. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ìwé tí ẹ̀tọ́ àwòkọ wọn ti parí ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé wọ́n ti di ohun-ìní gbogbo ènìyàn: kò sí ẹni tó lè dá ẹlòmíràn lẹ́kun pé kó má tẹ̀ wọ́n, kó má tà wọ́n, tàbí kó má pín wọn kiri. Orúkọ náà wá láti ara Johannes Gutenberg, ará Jámánì tó mú ìtẹ̀wé onílẹ́tà tí a lè tò, kí a tú, kí a sì tún tò, wọ ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1971, Hart jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Illinois tó wà ní Urbana-Champaign. Àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ńlá kan níbẹ̀, Xerox Sigma V, fún un láyè láti lò ó bó bá ṣe wù ú. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lásán ń rí fọwọ́ kàn. Hart fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé iye owó àyè tí wọ́n fún un tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là. Ó wá ń ronú ohun tí òun lè fi ẹ̀rọ náà ṣe tí yóò tó iye bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bó ṣe ròyìn rẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Agẹmọ, tí í ṣe àyájọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, ó yà ra oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n sì fi ẹ̀dà Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà kan sínú àpò ọjà rẹ̀. Ìwé yìí ni ó tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ẹ̀rọ náà kò ní lẹ́tà kékeré.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà ìgbà náà. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ lè dákú. Nítorí náà ó kàn kéde ibi tí ìwé náà wà, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ wá mú un. Ènìyàn bíi mẹ́fà ló mú un.

Èrò tó wà nídìí iṣẹ́ náà kò le. Bí a bá yá ẹnìkan ní ìwé bébà, ẹlòmíràn kò ní rí i kà títí yóò fi dá a padà. Bí a bá sì fẹ́ ẹ̀dà kejì, a ó tún ra bébà àti tàdáwà. Ìwé tí a bá ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ẹ̀dà tí a lè ṣe nínú rẹ̀ kò lópin, ẹni tó mú tirẹ̀ kò sì dín ti ẹlòmíràn kù. Lórí èrò yìí ni Hart fi ogójì ọdún tó kù nínú ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ náà kò yá rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Hart ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ èyí tó pọ̀ jù, àyè ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò sì gba ìwé gígùn. Bíbélì tí a mọ̀ sí King James, tó jáde ní 1989, ni ìwé kẹwàá, ìyẹn lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún. Ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri ni nǹkan yí padà. Ìwé ọgọ́rùn-ún, tí í ṣe àpapọ̀ iṣẹ́ William Shakespeare, jáde ní 1994. Ó pé ẹgbẹ̀rún ní 1997 pẹ̀lú iṣẹ́ Dante ní èdè Ítálì. Nígbà tó di 2003, ó ti pé 10,000. Ní ọdún 2000 ni wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀, Project Gutenberg Literary Archive Foundation, láti máa bójú tó owó àti ọ̀ràn òfin rẹ̀.

Bí ìwé ṣe ń dé orí kọ̀ǹpútà

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìwé kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ẹ̀tọ́ àwòkọ rẹ̀ ti parí ní Amẹ́ríkà. Àwòrán ojú ìwé àkọlé àti ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ọdún ìtẹ̀jáde sábà máa ń wà, ni yóò fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn èyí ni yóò ya àwòrán gbogbo ojú ìwé náà. Kọ̀ǹpútà yóò ka àwòrán wọ̀nyí, yóò sì sọ wọ́n di lẹ́tà, ṣùgbọ́n kì í kà á láìṣì. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó lè ka lẹ́tà r àti n tó sún mọ́ ara wọn bí m, ó sì lè ka lẹ́tà l bí 1. Bí bébà bá ti gbó tàbí tàdáwà bá ti ṣí, àṣìṣe yóò pọ̀ sí i. Ènìyàn ló kù tí yóò fi ojú ara rẹ̀ ṣe àtúnṣe, iṣẹ́ yìí ló sì gba àkókò jù lọ.

Láti pín iṣẹ́ náà ni Charles Franks ṣe dá Distributed Proofreaders sílẹ̀ ní ọdún 2000. Níbẹ̀, kò sí ẹni tí a ń di odindi ìwé lé lórí. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ yóò gbà: àwòrán rẹ̀ ní apá kan, ohun tí kọ̀ǹpútà kà ní apá kejì, òun yóò sì fi èkíní tún èkejì ṣe. Ojú ìwé kan náà yóò ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn ní ìpele mẹ́ta kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to ìrísí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹnìkan yóò so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìwé. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lójúmọ́ lè ṣe ojú ìwé kan, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ìròyìn ètò yìí jáde lórí ìkànnì Slashdot ní oṣù Bélú 2002, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló dara pọ̀ mọ́ ọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti 2006 ni Distributed Proofreaders ti di àjọ tó dá dúró, ṣùgbọ́n inú Project Gutenberg ni àwọn ìwé rẹ̀ ń lọ.

Níhìn-ín ni Project Gutenberg ti yàtọ̀ sí Google Books, tí wọ́n kéde ní 2004, àti sí Internet Archive. Àwòrán ojú ìwé ni àwọn méjèèjì yìí kó jọ jù, lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà kà sì máa ń wà lẹ́yìn àwòrán náà láìjẹ́ pé ẹnìkan yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ìwé púpọ̀ ju Project Gutenberg lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìwé Project Gutenberg ni ènìyàn ti kà. Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú ìwọ̀n fáìlì pẹ̀lú. Ìwé Lewis Carroll nípa Alice, ní ẹ̀dà ọ̀rọ̀ lásán, kò tó kílóbáìtì 200, fóònù tí kò lágbára sì lè ṣí i. Àwòrán ojú ìwé kan náà lè tó ọ̀pọ̀ mẹ́gábáìtì, èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tó ń fi owó ra dátà. Láfikún sí ọ̀rọ̀ lásán, a lè rí èyí tó pọ̀ nínú àwọn ìwé náà ní ẹ̀dà HTML, EPUB àti ti Kindle. Ẹgbẹ́ LibriVox, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, a máa ka irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ sókè, wọ́n á sì gbé ohùn náà síta lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n orúkọ Project Gutenberg kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé kan láti ibẹ̀ tà lè yọ orúkọ náà àti àlàyé àṣẹ tó wà nínú fáìlì kúrò, kí ó sì máa tà á bó ṣe fẹ́. Bó bá fi orúkọ náà sílẹ̀, yóò san ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ fún àjọ náà.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ìwé tó kọ́kọ́ jáde, ẹjọ́ wọn kò sì ṣàìtọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sọ ẹ̀dà ìwé bébà tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ wọn jáde, àwòrán inú ìwé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ di lẹ́tà ńlá tàbí kí ó pòórá. Hart kò ka èyí sí ohun bàbàrà. Ẹni tó ń ka ìwé fún ìgbádùn ló ń ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹ̀dà kan wé èkejì. Ìwé tó ti ọ̀dọ̀ Distributed Proofreaders wá sàn púpọ̀ ní ti èyí.

Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ

Ìwé kì í di ohun-ìní gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ kan náà ní gbogbo ayé. Ní Amẹ́ríkà, ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́yìn ìtẹ̀jáde ni a ń kà fún àwọn ìwé àtijọ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, ọdún tí òǹkọ̀wé kú ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ìwé kan lè tipa bẹ́ẹ̀ di òmìnira níbì kan kí ó sì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ níbòmíràn. Àpẹẹrẹ kan ni ìwé Nineteen Eighty-Four ti George Orwell. Orwell kú ní 1950. Òfin Australia ìgbà náà jẹ́ àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú, nítorí náà ìwé rẹ̀ ti wà lórí Project Gutenberg Australia, tó jẹ́ àjọ ọ̀tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀tọ́ ìwé yìí, tó jáde ní 1949, kò ní parí títí di òpin 2044.

Ìpalára tó tóbi jù fún iṣẹ́ náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fúnra wọn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1998 fi ogún ọdún kún iye ọdún ẹ̀tọ́ àwòkọ. Àwọn ìwé tó jáde ní 1923, tí ì bá di òmìnira ní 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1999, kò di òmìnira títí di 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019. Eric Eldred, ẹni tó ń gbé àwọn ìwé àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pe òfin náà lẹ́jọ́; Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a lẹ́bi ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2003, adájọ́ méje sí méjì. Láti 2019, ìwé ọdún kan-kan ń di òmìnira ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan: ní 2025, ó kan àwọn ìwé ọdún 1929.

Ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé S. Fischer Verlag pe Project Gutenberg lẹ́jọ́ nítorí ìwé méjìdínlógún ti Heinrich Mann, Thomas Mann àti Alfred Döblin. Ẹ̀tọ́ wọn ti parí ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n òfin Jámánì jẹ́ àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kú láàárín 1950 àti 1957. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ ní Frankfurt dá ilé-iṣẹ́ náà láre. Project Gutenberg kò dí ìwé méjìdínlógún yẹn nìkan; ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹni tó wà ní Jámánì. Ó lé ní ọdún mẹ́ta kí àwọn méjèèjì tó parí ìjà ní 2021, tí ìdínà sì kù sórí àwọn ìwé tí ẹjọ́ náà dá lé lórí.

Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ ti ọdún 2022 fi ẹ̀tọ́ ìwé sí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Ìwé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tó kú ní 1891, ti di ohun-ìní gbogbo ènìyàn tipẹ́. Ti D. O. Fágúnwà kò tíì rí bẹ́ẹ̀: ó kú ní oṣù Ọ̀pẹ 1963, nítorí náà ẹ̀tọ́ àwọn ìwé rẹ̀ yóò wà títí di 31 oṣù Ọ̀pẹ 2033. Bí àwòrán ojú ìwé wọn bá ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì lórí WhatsApp, èyí kò yí òfin padà.

Àwọn ìwé nípa Yorùbá

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé Project Gutenberg, ṣùgbọ́n èrò Hart pé kí ẹ̀dà ìwé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè ṣègbé mọ́ kan ìtàn ìwé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àlùfáà Samuel Johnson kọ The History of the Yorubas parí ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù lọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1916, lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, ó fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì gba Appam lójú òkun, wọ́n wà á dé Virginia ní Amẹ́ríkà, ìwé náà sì há sínú rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó rí i. Obadiah náà kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tó gùn jù lọ nígbà náà ṣègbé, nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ kò tó. Lónìí, àwòrán ojú ìwé rẹ̀ wà lórí Internet Archive, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ti parí ní Nàìjíríà àti ní Amẹ́ríkà.

Ìwé-ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843, èyí tó tún ṣe ní 1852, Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884, àti Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, gbogbo wọn ló ti kọjá ààlà ẹ̀tọ́ àwòkọ. Òfin kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́ lórí wọn. Ohun tó kù ni lẹ́tà.

Lẹ́tà Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Hart ti yan ASCII, ìlànà tó ní àmì 128 péré, nítorí pé kò sí kọ̀ǹpútà tí kò lè kà á. Ìpinnu yìí ló jẹ́ kí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1971 ṣì ṣeé ṣí lónìí. Ṣùgbọ́n ASCII kò ní ẹ, ọ àti ṣ, kò sì ní lẹ́tà tó ru àmì ohùn. Bí a bá fi kọ Yorùbá, owó, ọwọ́, òwò, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀ yóò di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì ni Ọ̀wọ̀ tí í ṣe ìlú.

Unicode ti yanjú apá kan nínú ìṣòro yìí. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú rẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ wúlò fún èdè Vietnam pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì ni a ń so pọ̀, a sì lè so wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ: ẹnìkan lè fi àmì ohùn lé ọ, ẹlòmíràn lè fi àmì ìsàlẹ̀ sábẹ́ ó. Ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí a kò bá kọ́ láti mú wọn dọ́gba yóò kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Àwọn mìíràn tún ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé lè máa gbọ́ pé kò sí níbẹ̀, nígbà tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an.

Ìṣòro kejì wà nínú kíka àwòrán. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ a máa rò pé àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ ìdọ̀tí orí bébà. Ó lè sọ ẹ di ç, kí ó sọ ṣ di àmì dọ́là, tàbí kí ó kàn fò ó. Nínú ìwé Yorùbá, ojú ìwé tó ní ìlà ọgbọ̀n lè ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò gbọ́ èdè náà kò sì lè tún un ṣe bí ó ti wù kí ó láápọn tó. Iṣẹ́ ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀kan tó rọrùn fún Gẹ̀ẹ́sì gba ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó mọ àmì ohùn, tó sì mọ àkọtọ́ àtijọ́.

Àkọtọ́ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń wá ìwé náà. Àwọn ìwé tó jáde kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974 kò kọ ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń kọ ọ́ nísinsìnyí. Ẹni tó bá tẹ ayé, ènìyàn, yóò tàbí wọ́n sínú àpótí ìwákiri lè má rí nǹkan kan. Aiye, enia, yio àti nwọn ni ó yẹ kí ó tẹ̀. Orúkọ ìlú náà rí bẹ́ẹ̀: Oshogbo àti Ilesha ni a máa ń bá níbi tí a ń wá Òṣogbo àti Iléṣà. Ó dára kí a wá ọ̀rọ̀ kan náà ní àkọtọ́ méjèèjì, lẹ́yìn náà láìsí àmì kankan rárá, kí a tó gbà pé ìwé náà kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.